Ariwo Tó Kù Lẹ́yìn

Ẹ̀yin ará, kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ná. Mo tú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi palẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò jí i o, n kò sì tà á. Mo kàn yí i padà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tó fẹ́ràn ọkọ̀ á mọ̀ pé ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí olè gbé e lọ ju kí àbúrò yí i padà lọ.

Golf 3 ni ọkọ̀ náà, GTI, pupa bí ata rodo. Àwọn tó mọ̀ nípa ọkọ̀ mọ̀ pé GTI kì í ṣe Golf lásán. Ọdún 1976 ni Volkswagen ní Jámánì kọ́kọ́ gbé GTI síta, pé kí ọkọ̀ kékeré tí bàbá àti ìyá fi ń gbé ọmọ lọ sílé ìwé náà lè mọ eré sá. Ọdún 1991 ni Golf 3 dé. Ẹ́ńjìnnì tiwa yìí jẹ́ lítà méjì, agbára ẹṣin 115 ló ní nígbà tó wà ní tuntun. Kó tó di pé tòkunbọ̀ yìí gba ojú òkun dé ọ̀dọ̀ wa ní Ọ̀yọ́, ó dá mi lójú pé díẹ̀ nínú àwọn ẹṣin náà ti kú, àmọ́ àwọn tó ṣẹ́kù kò gbà pé àwọn ti darúgbó.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wá fi mọ síbẹ̀. Ó ní kí mẹkáníìkì gé sìpíríǹgì kí ọkọ̀ lè sún mọ́ ilẹ̀. Ó yọ ríìmù tó bá ọkọ̀ wá, ó gbé ríìmù ńlá 17 sí i, táyà orí rẹ̀ wá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀já wé orí. Ó ní kí wẹ́dà gé sàlẹ́ńsà àárín sọ nù, kó fi páìpù gbọọrọ rọ́pò rẹ̀, ẹnu páìpù náà fẹ̀ ju agolo mílíìkì lọ. Bó bá ti ń bọ̀ láti Òwódé la ti ń gbọ́ ọ nílé. Màmá á ní, "Ọmọ mi ti dé," wọ́n á gbé omi àmàlà kaná. Kí omi náà tó hó, ẹ̀gbọ́n mi á ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará àdúgbò ń bú ọkọ̀ yẹn, Màmá ò bú u rí. Aago ilé wa ni.

Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tí ẹ̀gbọ́n mi ti já pa lọ sí Ìlú Ọba. Kò ta ọkọ̀ náà. Ó ní ọjọ́ tí òun bá ń bọ̀, èmi ni kí n gbé e wá pàdé òun ní pápá ọkọ̀ òfurufú, òun fúnra òun lòun máa wà á wálé. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wà á, ó ní kí n máa tan án kí bátìrì má bàa kú, ó wá na ìka sí mi pé, "Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan lára ẹ̀ o." Mo ní, "Bọ̀dá mi, mo gbọ́." Bó bá pè wá lórí WhatsApp tí a bá ṣe kòńgẹ́ inú ọkọ̀, á ní kí n gbé fóònù sẹ́nu wíńdò. Á dákẹ́, á máa gbọ́ ọ. Á ní, "Kìnnìún mi nìyẹn."

Lọ́dún tó kọjá, Màmá ṣubú lọ́jà Akẹ̀sán, níbi tí wọ́n ti ń ta igbá. Ìṣubú náà kò tó ohun tí èèyàn ń pariwo lé lórí. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn iyẹ̀pẹ̀ nù, wọ́n tún tajà dalẹ́. Ọjọ́ kẹta ni wọn ò lè dìde lórí ẹní mọ́. Dókítà ní ọ̀kan nínú àwọn ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn ló yọ síta, òun ló ń tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. Ó ní kò tíì gba iṣẹ́ abẹ, àmọ́ Màmá gbọ́dọ̀ máa wá sí Ìbàdàn lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ìfọwọ́tọ́jú àti eré ìmárale.

Ẹ̀yin náà mọ ọkọ̀ èrò tó ń ná Ọ̀yọ́ sí Ìbàdàn. Mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń to èèyàn sórí ìjókòó kan bí iṣu. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn ò lè bá wọn níbẹ̀. Kìnnìún ló kù nílẹ̀. Ilé ìwé wà ní ìsinmi nígbà náà, èmi ni mo di dírẹ́bà.

Ìrìn àjò àkọ́kọ́ yẹn, n ò lè gbàgbé ẹ̀. Àga GTI jìn bí igbá, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ga kó lè di èèyàn mú bí ọkọ̀ bá ń ṣẹ́ kọ́nà. Ẹni tí ara rẹ̀ le nìyẹn dára fún. Màmá ń jókòó bí ẹni ń jábọ́ sí kòtò. A débi títì tó ti bàjẹ́. Ọkọ̀ tí wọ́n bá gé sìpíríǹgì ẹ̀ kì í gun gálọ́ọ̀pù o, ó máa ń bá a jà ni. Gbà! Gbà! Lókè ariwo sàlẹ́ńsà, mo ń pariwo pé, "Màmá, ṣé kò dùn yín?" Wọ́n ń pariwo padà pé, "Kò dùn mí! Máa wa ọkọ̀ ẹ!"

Mo gbà wọ́n gbọ́. Ìgbà tí a dé ilé ìwòsàn ni mo rí i pé òógùn ti mu ìró wọn látòkè délẹ̀, wọn ò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Èèyàn méjì ló fà wọ́n jáde. Obìnrin tó ń ṣe ìtọ́jú náà wo ọkọ̀, ó wò mí, ó ní, "Ohun tí à ń tún ṣe níbí, ojú ọ̀nà lẹ ti ń bà á jẹ́."

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo mú fóònù pé kí n pe ẹ̀gbọ́n mi, kí n tọrọ ààyè. Màmá gba fóònù lọ́wọ́ mi. "Má sọ fún un. Iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Bó bá gbọ́, kò ní lè sùn lọ́sàn-án." Wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀yìn kàn ń ro àwọn díẹ̀ ni. Ẹ wá wò ó: mi ò lè tọrọ ààyè láìsọ ìdí, mi ò sì gbọdọ̀ sọ ìdí. Mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Mẹkáníìkì ẹ̀gbọ́n mi náà ni, ẹni tó gé sìpíríǹgì fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo wí tẹnu mi, ó rẹ́rìn-ín. "Mo fi oṣù kan sọ ọ́ di kìnnìún, ìwọ wá ní kí n sọ ọ́ di àgùntàn."

"Ọ̀gá, màmá mi ló máa máa gùn ún."

Ó pa ẹ̀rín. Ó nu ọwọ́ sí àkísà. "Kí lo fẹ́ kó kọ́kọ́ kú, jíjà ni àbí ariwo?"

N kò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Ó ní ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ á ná owó dànù, á máa rọ tìmùtìmù sínú ọkọ̀ tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń jà. Mo ní kí jíjà kú ná. Owó tí mo ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní Yorùbá fún WAEC ni mo kó sílẹ̀ fún un.

Táyà la ti bẹ̀rẹ̀. Ara táyà ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀: 205/40R17. Mo ti ń rí irú òǹkà yìí láti kékeré, mi ò mọ̀ pé gbólóhùn ni. 205 ni fífẹ̀ táyà, ní mìlímítà. 17 ni ríìmù, ní ínǹṣì. 40 yìí ló ní ọ̀rọ̀ nínú: gíga ẹ̀gbẹ́ táyà jẹ́ ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ rẹ̀. Ẹ ṣírò ó, mìlímítà 82 péré ni, kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìka àárín lọ. Afẹ́fẹ́ tó wà láàárín egungun ìyá mi àti kòtò ọ̀nà Ìbàdàn nìyẹn. A wá ríìmù 14 ti Golf lásán rà, bẹ́líjíọ̀mù ni. Ọ̀gá kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n bóyá kò ní máa ha bíréèkì, nítorí kì í ṣe gbogbo GTI ni ríìmù kékeré ń wọ̀. Ó wọ tiwa. Táyà orí rẹ̀ jẹ́ 185/60R14, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún 185 sì jẹ́ 111. Ẹ̀gbẹ́ táyà fi mìlímítà 29 ga sí i.

Ríìmù ni mo ra ní àlòkù, táyà kọ́ o. Tuntun ni mo ra. Fọkanáísà àdúgbò wa ló kọ́ mi láti máa wo òǹkà mẹ́rin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún. Táyà tí wọ́n bá kọ 2312 sí, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2012 ni wọ́n ṣe é, bó ti wù kó máa dán tó. Rọ́bà ń gbó bí èèyàn. Tó bá gbó, á le, ohun tó sì le ló ń pariwo.

Sìpíríǹgì ló kàn. Èmi rò pé gígé tí wọ́n gé e kàn mú ọkọ̀ wálẹ̀ ni. Ọ̀gá ní rárá, ó ti mú un le pẹ̀lú. Bó o bá gé sìpíríǹgì olóyípo mẹ́jọ ku mẹ́fà, líle rẹ̀ á fi ìdá kan nínú mẹ́ta lé sí i, torí ìyípo mẹ́fà ló wá ń ru ẹrù tí mẹ́jọ ń rù. Àti pé ààyè tí ṣọ́ọ̀kì ní láti lọ sókè-sódò ti dín. Bó bá ti lọ díẹ̀, á gbá ìdí. Gbà tí a ń gbọ́ yẹn nìyẹn. Sìpíríǹgì gígùn ti Golf lásán la fi sí i, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. A pààrọ̀ àwọn bọ́ṣì tó ti já, a ṣe bálánsì àti àláíńmẹ́ǹtì.

Lẹ́yìn náà ni àga. A yọ àga jíjìn ti ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, a wá tẹ́ẹ́rẹ́ ti Golf tí kò ní ẹ̀gbẹ́ gíga, tí èèyàn lè yí ìdí jókòó sí lẹ́ẹ̀kan. Láàárín sìpíríǹgì àti àga, ọkọ̀ ga sókè débi pé Màmá kò jábọ́ mọ́. Wọ́n kàn ń jókòó bí ẹni jókòó sórí àpótí ìdáná.

Kí n má parọ́ fún yín, a pàdánù nǹkan. Nígbà tí mo ṣẹ́ kọ́nà àkọ́kọ́, ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọ̀mùtí. Eré kìnnìún tán. Mo dúró wo ríìmù 17 mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá, ó dà bí ìgbà tí mo bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń sùn.

Ariwo ló kù.

Ọ̀gá mú mi lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ èyí, ẹ̀yin tí ẹ jọ ń kọ́ àmì ohùn pẹ̀lú mi. Ẹ́ńjìnnì bíi tiwa tó ní písítìnì mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń yìnbọn nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá yí po. Bó bá ń yí nígbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìbọn 6,000 nìyẹn. Ẹ pín in sí ọgọ́ta, ìbọn 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń gbọ̀n ní ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohùn ìsàlẹ̀ ni, dò pọ́nńbélé. Tí kò bá sí sàlẹ́ńsà àárín tó máa gbé e mì, inú ọkọ̀ ló ń wọ̀, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ á sì di ìlù. Irú dò yẹn kì í gba etí nìkan wọlé. Ó ń gba àyà, ó ń gba egungun.

A fi sàlẹ́ńsà àárín padà, a pààrọ̀ ti ẹ̀yìn. Wẹ́dà tún fi nǹkan kan hàn wá: rọ́bà tó yẹ kó gbé páìpù kọ́ sábẹ́ ọkọ̀ ti já tipẹ́, wáyà ni wọ́n fi so ó. Rọ́bà máa ń gbé gbígbọ̀n mì, wáyà kàn ń gbé e fún ara ọkọ̀ ni. Rọ́bà kékeré mẹ́ta, owó tí kò tó nǹkan, ìyàtọ̀ rẹ̀ sì pọ̀.

Mo gbé ọkọ̀ jáde. Ó dákẹ́. Mo ń yọ̀. Kò ì tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ àwọn ariwo mìíràn. Nǹkan kan ń gbọ̀n ririri bí mo bá dúró. Afẹ́fẹ́ ń súfèé lẹ́nu ilẹ̀kùn. Táyà ń hu lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá tìbínú-tìbínú, mo ní wọ́n ti ba ọkọ̀ jẹ́. Ó ní, "Gbogbo wọn ti wà níbẹ̀ látẹ̀yìnwá. Ẹ̀gbọ́n wọn ló ń pariwo bò wọ́n."

Mo lọ kà nípa rẹ̀. Bí ohùn méjì tó dọ́gba bá ń dún pọ̀, tí o pa ọ̀kan, dẹ̀síbẹ̀lì mẹ́ta péré ni yóò dín. Ó sì máa ń gbà tó dẹ̀síbẹ̀lì mẹ́wàá kí etí tó gbà pé ariwo ti dín sí ìdajì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá pa ariwo kan ṣe máa ń rò pé òun ò ṣe nǹkan kan. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà ni wọ́n tò sí. Bí èyí tó wà níwájú bá ti kúrò, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á bọ́ síwájú.

A bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ririri yẹn, ẹ́ńjìnnì síìtì ni. Rọ́bà rẹ̀ ti fọ́, irin ń kan irin. A pààrọ̀ rẹ̀. Ìsúfèé ẹnu ilẹ̀kùn, owó bébà ni mo fi mú un: mo fi náírà ọgọ́rùn-ún há ẹnu ilẹ̀kùn, mo tì í, mo wá fà á. Ibi tó bá ti bọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, rọ́bà ibẹ̀ ti kú nìyẹn. Ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ Màmá ló burú jù. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe yí gbogbo ọkọ̀ ká pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún náírà kan, àwọn ọmọ àdúgbò rò pé mò ń ṣe òògùn owó.

Ilẹ̀ ọkọ̀ ló kù, níbi tí táyà ti ń hu. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe àṣìṣe ọmọ Yunifásítì. Èrò mi ni pé kí n wá òwú kún un. Ọ̀gá bi mí pé, bí èèyàn bá lu agogo, báwo ló ṣe máa pa ohùn rẹ̀? Mo ní á fọwọ́ dì í mú. Ó ní, "Ṣé o rí i? O ò ki òwú bọ̀ ọ́." Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nílẹ̀ ọkọ̀ àti nínú ilẹ̀kùn, agogo ni. Ohun tó wúwo, tó sì rọ̀, ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn kó lè dì í mú bí àtẹ́lẹwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni òwú tàbí fóòmù tó wúlò.

Ó yé mi. Èmi náà bá gbọ́n jù. Mo rí rọ́bà ọlọ́dà dúdú tí àwọn tó ń kan òrùlé fi ń dí ibi tó ń jò, ó wúwo, ó ń lẹ̀, ó sì pọ́ọ́kú. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ilẹ̀ ọkọ̀. Ó dákẹ́ gan-an. Ọjọ́ kejì, oòrùn Ọ̀yọ́ mú. Nígbà tí mo ṣí ilẹ̀kùn lọ́sàn-án, òórùn ọ̀dà títì kọlù mí nímú. Màmá wúkọ́ dé Ìbàdàn, wọ́n wúkọ́ bọ̀, ẹni tí ẹ̀yìn bá sì ń dùn mọ ohun tí ikọ́ ń ṣe. Ọjọ́ méjì ni mo fi ọ̀bẹ ha rọ́bà yẹn kúrò. Mo wá ránṣẹ́ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Èkó, rọ́bà tí bébà fàdákà wà lẹ́yìn rẹ̀. Irú rọ́bà tí wọ́n fi ń ṣe tíúbù táyà ni, oòrùn kì í mú un rùn. Kò sì pọn dandan kó bo gbogbo ibi. Àtẹ́lẹwọ́ kan tó fún agogo.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni a gbé e jáde pẹ̀lú Màmá. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọkọ̀ náà ń lọ bí ẹni ń rìn lórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́ tí Màmá ń mí. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ìgbà tí wọ́n ń gbé igbá lọ tà ní Ìbàdàn kí wọ́n tó bí wa, wọn ò sì pariwo. Mo wá mọ̀ pé láti ìgbà tí a ti ń lọ sí Ìbàdàn, a ò tíì bá ara wa sọ ju "Kò dùn mí" lọ.

A ń wọ Jóbẹ̀lé ni táyà bọ́ sínú kòtò kékeré kan. Ọkọ̀ gbé e mì, kò gbà mọ́. Àmọ́ mo gbọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Hìn-ìn." Ó kéré, ó wálẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá ń gbé ẹrù tí kò fẹ́ kí wọ́n bá òun gbé.

Mo wo Màmá. Wọ́n wo iwájú. A tún kan kòtò mìíràn. "Hìn-ìn."

Kì í ṣe pé ìrora náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Òun ló tò sẹ́yìn gbogbo ìlà yẹn. Sàlẹ́ńsà, sìpíríǹgì, ẹ́ńjìnnì síìtì, rọ́bà ilẹ̀kùn, gbogbo wọn la ti lé lọ, èyí tó kù ló bọ́ síwájú yìí. Gbogbo oṣù tí mo fi ń pariwo pé ṣé kò dùn yín, ariwo ọkọ̀ ni wọ́n fi ń bò ó. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọn kò fi ráhùn ọkọ̀ náà rí.

Mo dín eré kù sí 50. Mo páàkì, mo ká ìró kan, mo fi ti ẹ̀yìn wọn níbi tó ti ṣófo. Mo tún lọ díẹ̀, mo ń tẹ́tí. "Hìn-ìn" náà ti dín. Mo sún àga dẹ̀yìn díẹ̀. Ó tún dín. Bí mo ṣe mọ bó ṣe yẹ kí n máa wa ìyá mi nìyẹn, etí ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Ìgbà tí a ń bọ̀ ni fóònù dún. Màmá ló gbé e, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síta kí èmi náà lè gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kí wọn, ó bi wọ́n pé níbo ni wọ́n wà. Wọ́n ní inú ọkọ̀.

"Ṣé ẹ ti páàkì ni?"

"Rárá o. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Fìdítì ni, à ń lọ sílé."

Fóònù dákẹ́. Mo di ìdarí ọkọ̀ mú. Ìgbà tó yá, ó pe orúkọ mi, ó ní, "Ta ló pa ọkọ̀ mi lẹ́nu mọ́?"

N kò tíì dáhùn tí táyà ẹ̀yìn fi kan etí kòtò kan. "Hìn-ìn," ni Màmá wí.

"Màmá, kí nìyẹn?"

Kò sí ariwo kankan tó kù nínú ọkọ̀ tí wọ́n lè fi bò ó mọ́. Wọ́n wò mí, mo wo títì. Wọ́n bá sọ fún un: ìṣubú Akẹ̀sán, egungun ẹ̀yìn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, gbogbo ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti fi pa mọ́ fún oṣù mẹ́rin, kí a tó dé Jóbẹ̀lé ó ti tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Ó wá ní, "Sìpíríǹgì wo lo fi sí i?"

"Ti Golf lásán, Bọ̀dá mi."

"Ṣọ́ọ̀kì ńkọ́?"

"Tuntun ni."

"Ríìmù mi?"

"Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màmá. Mo fi aṣọ wé e. Sìpíríǹgì yín àti páìpù náà wà níbẹ̀."

Mo gbọ́ nǹkan kan tó jọ ẹ̀rín, tó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára níbẹ̀ yẹn. Ó ní, "Má sá ju 60 lọ." Mo ní 50 ni mò ń sá. Ó ní ó dáa. Láti ọjọ́ náà, bó bá pè tí a bá wà lójú ọ̀nà, kì í sọ pé kí n gbé fóònù sẹ́nu wíńdò mọ́. Á ní kí n gbé e sún mọ́ Màmá. Á dákẹ́, á máa gbọ́.

Ara Màmá ti ń yá. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni a ń lọ báyìí. Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń bá mi rò nípa ọkọ̀ náà: wọ́n ní àwọn kì í mọ ìgbà tí mo bá ń bọ̀ mọ́, wọ́n kàn máa ń rí mi ni, bí ẹbọra. Òótọ́ ni. Aago ilé wa ni mo pa.

Torí náà, bí mo bá ti dé Òwódé, mo máa ń tẹ fèrè lẹ́ẹ̀mejì, pín-ín pín-ín. Fún oṣù púpọ̀, lásán ni mò ń tẹ̀ ẹ́, wọn ò lè dìde bọ́ sí ilé ìdáná. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo ti ilé ìwé dé, mo tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo máa fi páàkì, omi àmàlà ti wà lórí iná.